Bọ́tìnnì Ni Mo Ń Tà, Èyí Tí Kò Ní Bọ́tìnnì Ni Mo Rà

Ẹ̀yin ará mi, ẹ gbà mí o! Ẹ̀yin tí ẹ ń gbé Ìsọlọ̀, ẹ̀yin tí ẹ ń ṣòwò ní Òṣòdì, ẹ̀yin tí ẹ ti dúró ní Cele rí lábẹ́ òjò tí dáńfó wá sáré kọjá lára yín bí ẹni tó jẹ yín lówó, ẹ̀yin ni mò ń bá sọ̀rọ̀, torí ẹ̀yin nìkan ni ọ̀rọ̀ mi máa yé. Mi ò pààyàn. Mi ò jalè. Mi ò wo ìyàwó oníyàwó. Ẹ̀rọ kan péré ni mo ní kí n rà, ẹyọ kan ṣoṣo, kí n máa fi kọ orúkọ àwọn tó jẹ mí lówó sílẹ̀, ni gbogbo ayé bá dìde sí mi bíi pé mo jí òrìṣà wọn gbé.

Ohun èlò ìránṣọ ni mò ń tà ní Òṣòdì, ọdún kejìdínlógún rèé: sípù, bọ́tìnnì, òwú, rọ́bà, gọ́ọ̀mù tí wọ́n ń fi sínú kọ́là. Kò sí irú bọ́tìnnì tí ẹ máa dárúkọ tí mi ò ní, oníhò méjì, oníhò mẹ́rin, ti kaba ọmọdé, ti sẹ́nétọ̀. Ìwé àwìn mi wà lábẹ́ tábìlì, ìwé ẹlẹ́yìn líle, ó pẹ́ lọ́wọ́ mi ju ọmọ mi tó kéré jù lọ. Òjò ọjọ́ kan péré ló pa á. Ìwé wú bíi búrẹ́dì tí wọ́n rì sínú tíì, bírò ṣàn, orúkọ ẹni tó jẹ ẹgbẹ̀rún méjì wọnú orúkọ ẹni tó ti san. Télọ̀ kan tó ti jẹ mí lówó sípù láti oṣù mẹ́rin gbọ́, ó sáré wá kí mi kú àdánù, ẹ̀rín ń yọ lẹ́nu ẹ̀, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, Ọlọ́run ló mọ ìdí tí òjò yẹn fi rọ̀." Ẹ gbọ́ nǹkan!

Kì í ṣe ìyẹn nìkan. Èmi náà ni akọ̀wé ẹgbẹ́ àdúgbò wa. Ẹnikẹ́ni ò dìbò yàn mí o; mo pẹ́ dé ìpàdé lọ́jọ́ kan ni, kí n tó rí àga jókòó, wọ́n ti fi mí ṣe akọ̀wé. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń kọ àkọsílẹ̀ ìpàdé, owó ẹ̀ṣọ́, owó gọ́tà, owó géètì, ìjà onílé àti ayálégbé, tọwọ́ tọwọ́.

Bí mo ṣe délé tí mo ní mo fẹ́ lọ ra tablet, Ìyá Ìbejì gbé ọbẹ̀ kúrò lórí iná, ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ kàn mí lọ́rùn. Ó ní, "Bàbá Ìbejì, ṣé ibà ni? Tábúlẹ́ẹ̀tì mélòó ni wọ́n ní kí ẹ máa lò lóòjọ́?" Mo ní kì í ṣe ti kẹ́mísì, táàbù ni, ẹ̀rọ pẹlẹbẹ tí wọ́n ń fi ìka tẹ̀. Ó ní, "Tí mo bá fún yín ní àgbo ní báyìí, ẹ má kọ̀ ọ́ o."

Nígbà tó wá yé wọn nínú ilé, ogun bẹ́ sílẹ̀. Kẹ́hìndé ní táàbù ni kí n rà. Táyé ní irọ́ ni, láptọ́ọ̀pù. Àwọn ọmọ tó jọ gbé inú ikùn kan fún oṣù mẹ́sàn-án láìjà, nínú pálọ̀ èmi ni wọ́n ti wá rí ohun tí wọ́n máa torí ẹ̀ bára wọn ṣọ̀tá. Kẹ́hìndé ní táàbù máa ń pẹ́ kí bátìrì ẹ̀ tó kú, pé ṣájà fóònù lásán lè bọ́ ọ yó, pé ó fúyẹ́. Táyé ní kí n bi í bóyá ó ti rí akọ̀wé báǹkì kan tó ń fi táàbù ṣiṣẹ́ rí. Àbíkẹ́yìn mi, ọmọ ọdún mẹ́rin, ní èyí tó bá ní kátúùnù ni kí n rà. Lójú mi lónìí, òun nìkan ló mọ ohun tó ń ṣe.

Mo gbéra, ó di Ìkẹjà, Computer Village, lọ́nà Ọ̀tìgbà. Kí ẹsẹ̀ mi kejì tó kanlẹ̀ ni ọmọ mẹ́ta ti dì mí lápá mú. "Daddy, kí lẹ fẹ́ rà?" "Alhaji, iPhone wà o!" "Bàbá, ṣé ẹ fẹ́ tà á ni àbí ẹ fẹ́ tún un ṣe?" Mo kọjá láti ẹnu ọ̀nà dé ṣọ́ọ̀bù tó kẹ́yìn, wọ́n bi mí lórúkọ, wọ́n bi mí ní iye owó tó wà lọ́wọ́ mi, ọ̀kan tiẹ̀ bi mí bóyá mo ti jẹun, ṣùgbọ́n kò sí ẹni kan, ẹ gbọ́ mi dáadáa, kò sí ẹyọ ẹnì kan tó bi mí pé, "Kí lẹ fẹ́ máa fi ṣe?"

Ọmọ kan ló dá mi jókòó tó fi ìtàn gbá mi mú. Ó ní January 2010 ni Steve Jobs, ọ̀gá àwọn Apple, gbé iPad jáde, pé ọkùnrin náà ní ohun kan gbọ́dọ̀ wà láàárín fóònù àti láptọ́ọ̀pù, tó máa dára ju méjèèjì lọ fún kíkà, wíwo fíìmù, wíwo àwòrán àti irú nǹkan bẹ́ẹ̀, pé lójú gbogbo èrò ló ti jókòó sórí àga tìmùtìmù tó ń fi ìka kan ṣoṣo ṣí ojú ìwé. Ojú mi là! Mi ò rántí pé ẹni tó jókòó sórí àga tìmùtìmù yẹn, télọ̀ kankan ò jẹ ẹ́ lówó, kò sí akọ̀wé àdúgbò nínú ọ̀rọ̀ tiẹ̀. Lẹ́yìn tí mo ti ra tèmi tán ni mo tún gbọ́ pé ọkùnrin kan náà ló fi kálámù ẹ̀rọ ṣe yẹ̀yẹ́ lọ́dún 2007 pé ta ló nílò ẹ̀, nígbà tó sì di 2015, tí òun fúnra ẹ̀ ti kú, àwọn Apple gbé kálámù jáde, wọ́n ń tà á lọ́tọ̀. Lọ́tọ̀ o! Bíi kí n ta ẹ̀wù fún yín kí n wá gba owó ihò bọ́tìnnì.

Ẹ má bi mí ìdí tí mi ò fi ra láptọ́ọ̀pù lákọ̀ọ́kọ́. Ní May 2023 ni mo ti béèrè owó tòkunbọ̀ kan, mo ní kí n lọ kó owó jọ. Ṣé ẹ rí orí burúkú? June kan náà ni ìjọba tú náírà sílẹ̀. Dọ́là tó wà ní nǹkan bí 460 náírà ní ọjà ìjọba, kí ọdún náà tó parí ó ti lé ní 900. Mo padà lọ, owó ọwọ́ mi tó tó ra láptọ́ọ̀pù ní May ti di owó ìdajì láptọ́ọ̀pù, ọmọ tó ń tajà sì ń wò mí bíi pé èmi ni mo pẹ́. Èmi ni mo tú náírà sílẹ̀? Bí mo ṣe ra táàbù nìyẹn.

Ọjọ́ méjì àkọ́kọ́, ẹ jẹ́ kí n má parọ́, ayé dùn. Ní ọjọ́ kẹta ni mo jókòó láti kọ àkọsílẹ̀ ìpàdé. Bí mo ṣe fọwọ́ kàn án ni kíbọ́ọ̀dù yọ látìsàlẹ̀, ó bo ìdajì ojú ẹ̀, ìlà mẹ́ta péré ni mò ń rí lókè bí ẹni tó ń yọjú láti ojú fèrèsé. Ọwọ́ tó ti ń ka bọ́tìnnì láti ọdún kejìdínlógún, àtàǹpàkò rẹ̀ kò wà fún irú iṣẹ́ yìí. Mo tẹ A, S jáde. Mo tẹ "sípù", ó sọ ọ́ di "soup". Mo tẹ orúkọ télọ̀ tó jẹ mí lówó, ó sọ ọ́ di orúkọ ìlú kan nílẹ̀ òyìnbó. Mo ní kó dára, mo sáà rán an sórí WhatsApp àdúgbò láìtún un kà. Háà! Ọjọ́ ìpàdé tó tẹ̀ lé e, wọ́n ní kí wọ́n ka àkọsílẹ̀ sókè, ọmọ kan bẹ̀rẹ̀ sí í kà: "Alaska fi àdúrà ṣí ìpàdé. Alaska ní owó gọ́tà kò tíì pé. Alaska bínú." Alága wa, àgbàlagbà tó ti ń gbé Ìsọlọ̀ kí wọ́n tó bí mi, dìde, ó wò mí fún ìgbà pípẹ́, ó ní, "Akọ̀wé, kí ni mo ṣe fún ọ?" Títí di bí mo ṣe ń sọ̀rọ̀ yìí, àwọn ọmọ àdúgbò ń pè é ní Bàbá Alaska lẹ́yìn, èmi ni ọ̀ràn náà sì wà lọ́rùn ẹ̀.

Táyé ní ṣé òun ò sọ? Ó tún gbé ọ̀rọ̀ JAMB wọ̀ ọ́. Ó ní láti 2015 ni JAMB ti pa ìdánwò orí ìwé rẹ́ pátápátá, orí kọ̀ǹpútà ni gbogbo ẹ̀, ìbéèrè 180 láàárín wákàtí méjì, àti pé ẹni tí kò bá fẹ́ fi ọwọ́ kan mouse lè fi bọ́tìnnì mẹ́jọ péré ṣe é dé òpin: A, B, C, D láti dáhùn, N láti lọ síwájú, P láti padà sẹ́yìn, S láti fi sílẹ̀, R láti yí ọkàn padà. Ó ní, "Dádì, báwo ni màá ṣe fi ohun tí kò ní bọ́tìnnì kọ́ bọ́tìnnì?" Ẹ̀yin ará, ọ̀rọ̀ yẹn gún mi. Èmi! Bàbá oníbọ́tìnnì! Mo ní bọ́tìnnì ẹgbẹẹgbẹ̀rún ní ṣọ́ọ̀bù, ọmọ mi wá ń sunkún mẹ́jọ.

Bí mo ṣe kó àjọ nìyẹn tí mo ra láptọ́ọ̀pù tòkunbọ̀ lọ́wọ́ ẹnì kan tí mi ò ní dárúkọ, Ọlọ́run máa bá mi dárúkọ ẹ̀. Ó ní bátìrì ẹ̀ máa lo wákàtí mẹ́rin. Ogún ìṣẹ́jú! Kí ẹ tó tàn án, kó tó ṣojú wìn-ìn-wìn-ìn, kó tó kí yín káàbọ̀, ìṣẹ́jú mẹ́jọ ti lọ nínú ogún náà.

Bí mo ṣe gbé e délé gan-an ìtàn ni. Ẹ mọ abẹ́ afárá Òṣòdì. Gbogbo ẹni tó bá yín lọ́nà ló máa kìlọ̀ pé ẹ di ẹrù yín mú. Mo bá fi ìró Ìyá Ìbejì tí mo fẹ́ lọ bá a fún télọ̀ wé láptọ́ọ̀pù náà, mo gbá a mọ́ àyà, mo wọ dáńfó. Kọ́ńdọ́ ń pariwo, "Ẹ wọlé pẹ̀lú ṣéńjì yín o!" Obìnrin tó jókòó tì mí sún, ó wò mí, ó wo ìró, ó wo àyà mi, àánú ṣe é. Ó ní, "Ẹ kú ìtọ́jú o, sà. Ọmọ oṣù mélòó ni?" Mi ò mọ ohun tí màá sọ, ẹ̀rù olè ń bà mí, mo ní, "Oṣù mẹ́ta." Ó ní, "Ẹ ṣí i lójú, kó rí atẹ́gùn." Mo ní ó ń sùn. Ó ní, "Kò mí o! Ẹ̀yin èrò, ẹ wá wò ó, ọmọ yìí ò mí!" Àfi ìgbà tí mo tú u sílẹ̀ lójú gbogbo ọkọ̀. Kọ́ńdọ́ ní, "Bàbá, ẹrù lẹ gbé pamọ́. Owó ẹrù!" Mo san owó ẹrù. Obìnrin yẹn ò sì bá mi sọ̀rọ̀ mọ́ títí mo fi sọ̀ kalẹ̀.

Ti iná ńkọ́? Táàbù, bí iná bá lọ, ẹ lè fi páwà báǹkì fún un lómi mu, ẹ lè yá ṣájà aládùúgbò, ohunkóhun ló ń jẹ. Láptọ́ọ̀pù ò jẹ ìjẹkújẹ. Ṣájà tiẹ̀ lọ́tọ̀, ẹnu ṣájà lọ́tọ̀, agbára tó ń fẹ́ lọ́tọ̀, àfi kí n fa I-pass-my-neighbour jáde sí kọ́rídọ̀, èéfín ń yọ, aládùúgbò ń wúkọ́ mọ́ mi, epo bẹntiróòlù tó ti sún mọ́ 1,000 náírà lítà kan nígbà tí 2024 ń lọ sópin, kí n lè kọ sílẹ̀ pé ẹnì kan jẹ mí ní 1,200 náírà sípù. Ẹ bá mi ṣírò ẹ̀ o!

Onílé wa, bàbá olùkọ́ kan tó ti fẹ̀yìn tì, ọmọ Ìkìrun, ló jókòó tì mí lálẹ́ ọjọ́ kan tí inú ń bí mi. Ó ní, "Akọ̀wé, o rántí Ọpọ́n Ìmọ̀?" Mo ní mo rántí: táàbù tí Gómìnà Rauf Arẹ́gbẹ́ṣọlá gbé kalẹ̀ fún àwọn ọmọ girama ní Ọ̀ṣun lọ́dún 2013, tí wọ́n ní 150,000 ni wọ́n máa pín, tí ìwé fún iṣẹ́ ẹ̀kọ́ 17 wà nínú ẹ̀ pẹ̀lú ìbéèrè ìdánwò àtẹ̀yìnwá. Bàbá ní, "Kí ni wọ́n ní kí ọmọ fi ṣe? Kó máa kà á ni. Báàgì ìwé tó ń fa ọmọ léjìká ya ni wọ́n fẹ́ sọ̀ kalẹ̀. Wọn ò ní kó fi kọ ìwé gbèsè." Ó tún ní INEC náà ńkọ́: láptọ́ọ̀pù ni wọ́n gbé káàkiri láti forúkọ olùdìbò sílẹ̀ ní 2011, ṣùgbọ́n nígbà tó di 2021, ẹ̀rọ bíi táàbù ni wọ́n gbé dé, torí pé iṣẹ́ ka ìka, ya ojú, ó ti tán ni. "Táàbù," ó ní, "àwo ìjẹun ni. Láptọ́ọ̀pù ni ìkòkò. Ohun tó bá ti jinná là ń bù sínú àwo. Ìwọ ra àwo, o gbé e ka iná, o wá ń pariwo pé ó sán."

Mo fẹ́ jà. Mo ní ọpọ́n tí wọ́n torí ẹ̀ sọ ọ́ ní Ọpọ́n Ìmọ̀ gan-an, ṣebí ìka ni babaláwo fi ń tẹ Odù sí i lórí, kò sì sí ọpọ́n tó ń sọ Ọ̀yẹ̀kú di nǹkan mìíràn mọ́ babaláwo lọ́wọ́. Bàbá rẹ́rìn-ín, kò dá mi lóhùn. Mo wá ní, "Ẹ jọ̀ọ́, sà, ọ̀rọ̀ dáadáa tí ẹ sọ yìí, kí ló dé tí ẹ ò sọ ọ́ kí n tó náwó?" Ó ní, "O ò bi mí." O ò bi mí! Ọkùnrin tó ń gba owó ilé lọ́wọ́ mi láti ọdún kẹsàn-án, tí ó mọ ìgbà tí mo ra fírìjì, tó mọ ìgbà tí ìyá ìyàwó mi wá, òun ni mi ò bi.

Kí ẹ má baà rò pé ó ti tán, ẹ wá wo ilé mi báyìí. Àwo àti ìkòkò wà níbẹ̀, ebi ń pa mí. Láptọ́ọ̀pù ti di ti Táyé àti Kẹ́hìndé, Kẹ́hìndé tó ní táàbù lòun fẹ́ o, wọ́n ń lé JAMB láàárọ̀ lálẹ́, bí mo bá ní kí wọ́n jẹ́ kí n fi kọ nǹkan, wọ́n á ní, "Dádì, ṣé ẹ fẹ́ ká fẹ́ìlì ni?" Táàbù wà ní kíṣíìnì, Ìyá Ìbejì gbé e ti ìgò òróró, fíìmù ni lójoojúmọ́, bí fíìmù bá tán ó di ti àbíkẹ́yìn, ojú ẹ̀ ti là láti igun kan dé èkejì, àmì ọwọ́ tó jẹ mọ́ín-mọ́ín wà lára ẹ̀ tí aṣọ kankan ò lè nù kúrò. Èmi ti padà sídìí ìwé ẹlẹ́yìn líle.

Ìyẹn ò tíì dùn mí tó ti ọ̀sẹ̀ tó kọjá. Mo lọ sí ṣọ́ọ̀bù télọ̀ yẹn, olówó sípù oṣù mẹ́rin tó ti di ọdún méjì, mo ní kó wá nǹkan fún mi. Mo bá a pẹ̀lú oníbàárà, ó gbé táàbù tuntun lọ́wọ́, tuntun o, ọ̀rá ṣì wà lójú ẹ̀, ó ń fi ìka kan ṣoṣo ṣí àwòrán aṣọ fún obìnrin náà, ó ń fà á tóbi kó lè rí apá ẹ̀, ó ń fà á kéré, obìnrin náà ń ní, "Èyí! Àní èyí gan-an!" Iṣẹ́ tí Ọlọ́run dá táàbù fún gan-an ló ń fi ṣe. Owó sípù mi ló fi rà á! Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà, ẹnu mi ò lè sọ̀rọ̀. Ó gbójú sókè, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ káàbọ̀. Ẹ wo bó ṣe dára tó! Ẹ̀yin náà ẹ lọ ra kan."

Torí ẹ̀ ni mo ṣe wá sí bísínẹ́ẹ̀sì sẹ́ńtà yìí ní alẹ́ yìí, pé kí wọ́n bá mi tẹ ẹ̀dùn ọkàn mi kí aráyé lè gbọ́. Ẹ sì wá wo ohun tí mo bá níbí. Ọmọbìnrin tó ń bá mi tẹ̀ ẹ́ ní láptọ́ọ̀pù níwájú, ọwọ́ ẹ̀ ń sáré lórí bọ́tìnnì bí òjò orí páànù. Ó gbé táàbù ti ògiri lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, ó ń wo fíìmù Yorùbá, ó ń rẹ́rìn-ín ní ibi tí mo ti ń sunkún. Mo bi í ta ló kọ́ ọ. Ó ní, "Kò sẹ́nì kankan, sà. Èyí fún iṣẹ́, èyí fún ìgbádùn." Ọ̀ọ́dúnrún náírà ló ń gbà lórí ojú ìwé kọ̀ọ̀kan. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ fún mi pé ojú ìwé keje ti fẹ́ kún, owó tó kù lápò mi ò sì kọjá ti méje àti owó ọkọ̀ dé ilé.